Èmi Ni Mo Rẹ Ẹ̀gẹ́ Sódò, Àna Mi Ni Wọ́n Ń Pè Ní Àjẹ́

Kò sí àjẹ́ kankan tó ba omi abúlé yẹn jẹ́, èmi ni. Ẹ ṣàánú mi, ẹ̀yin òǹkàwé ojúewé yìí, ẹ má tíì bínú, ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ tán ná, nítorí ó ti tó ọjọ́ mẹ́ta kan tí mo ti ń wá ẹni tí mo máa sọ ọ́ fún, mi ò rí... ọkọ mi kò fẹ́ gbọ́, ẹgbẹ́ mi kò fẹ́ gbọ́, Ọlọ́run nìkan ló ń gbọ́, Òun náà kò sì tíì fèsì. Mo bẹ olóòtú kó má fi orúkọ mi síta. Ará Ìlobù ni mí, obìnrin ilé ọkọ, oníṣòwò láfún, mo sì ka ìwé dé sitandaadi fọ́ọ̀ kí bàbá mi tó yọ mí kúrò pé ìwé ti tó fún obìnrin. Tí ẹ bá rí àṣìṣe nínú ọwọ́ ìkọ̀wé mi, ẹ bá bàbá mi wí.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé láfún fún ẹ̀yin tí ẹ kàn ń jẹ ẹ́. Tí a bá bó ẹ̀gẹ́ tán, a máa rẹ ẹ́ sínú omi títí á fi rọ̀, ká tó fún omi rẹ̀ dànù, ká sá a sórí àpáta, ká gún un. Nígbà tí ìyá mi ń ṣe é, inú ìkòkò lẹ́yìnkùlé ni wọ́n ń rẹ ẹ́ sí. Ó máa ń rùn! Gbogbo ilé á máa rùn, ọkọ á máa yínmú, àlejò á máa fọwọ́ bo imú, láfún náà á sì dúdú díẹ̀, á ní òórùn tirẹ̀, ṣùgbọ́n bẹ́ẹ̀ náà la ṣe ń jẹ ẹ́. Ìgbà tí àwọn onílọ́rì bẹ̀rẹ̀ sí í wá láti Ìbàdàn àti Èkó ni ọ̀rọ̀ yí padà. Funfun ni àwọn ará ìlú ńlá fẹ́, wọ́n fẹ́ èyí tí kò rùn rárá. Dírẹ́bà á tọwọ́ bọ inú àpò, á bu díẹ̀, á gbé e sí imú, tó bá ti fa ojú ro báyìí, ó ti tán nìyẹn, ẹ máa gbé ẹrù yín padà sílé. Mo ti gbé ẹrù padà sílé rí, mo sunkún lójú ọ̀nà, mi ò purọ́. Àfi ọjọ́ kan tí mo ń fọ ẹ̀gẹ́ lódò, tí díẹ̀ bọ́ lọ́wọ́ mi, tó há sábẹ́ gbòǹgbò igi. Nígbà tí mo padà síbẹ̀ lẹ́yìn ọjọ́ mélòó kan, mo bá a, ó ti rọ̀, ó funfun báláú, mo gbé e sí imú, kò rùn. Omi ti gba gbogbo òórùn rẹ̀ lọ. Mo pariwo ayọ̀ níbẹ̀ lémi nìkan.

Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe kó agbọ̀n mi wọ odò, mo so ó mọ́ gbòǹgbò kó má baà bá omi lọ. Nígbà tó di pé láfún tèmi ni dírẹ́bà ń béèrè kí lọ́rì tó dúró dáadáa, àwọn obìnrin ẹgbẹ́ mi wá bá mi nílé, wọ́n ní kí n jọ̀ọ́, kí n fọ̀nà hàn wọ́n. Mo fi hàn wọ́n. Inú mi dùn, orí mi wú, wọ́n sọ mí ní Ìyá Onífunfun. Kò pẹ́ tí agbọ̀n fi bo odò yẹn láti òkè títí dé ibi tí ọ̀nà Ìfọ́n ti dá a kọjá... Ẹnì kan béèrè nígbà náà, ẹ má rò pé a kò ronú rárá, ó ní àwọn tó wà nísàlẹ̀ odò ńkọ́, ṣé wọn kì í mu omi yìí ni? Ìyá Ẹgbẹ́, àgbà obìnrin tó jẹ́ olórí àwa aláfún, ló dá a lóhùn pé ṣé kò gbọ́ wáàsí ni. Lóòótọ́, alfa ṣe wáàsí lórí àlùwàlá nínú ààwẹ̀ èṣí, ó ní omi tó ń ṣàn, mímọ́ ni. Gbogbo wa gbọ́ ọ. Ṣùgbọ́n alfa fi kún un pé, bí àwọ̀ rẹ̀ kò bá ti yí padà, bí ìtọ́wò rẹ̀ kò bá ti yí padà, bí òórùn rẹ̀ kò bá ti yí padà. Èmi gbọ́ ìyẹn náà, iwájú ni mo jókòó sí lọ́jọ́ náà! Mo dákẹ́ nítorí ìdáhùn Ìyá Ẹgbẹ́ dùn mọ́ mi. Ìdajì wáàsí tó bá ọjà wa mu ni a mú lọ sódò, a fi ìyókù sílẹ̀ ní mọ́ṣáláṣí.

Ọmọ mi obìnrin wà nílé ọkọ ní abúlé kan lápá Ìfọ́n, nísàlẹ̀ odò náà. Mi ò ní dárúkọ abúlé yẹn. Nígbà tó fẹ́ lọ síbẹ̀, àwọn ará ilé wa ní ṣé ọkọ ti tán ní Ìlobù ni, nítorí ọ̀rọ̀ ilẹ̀ tí ìlú méjèèjì ń jà lé lórí, èyí tí ẹ̀yin náà ti gbọ́. Èmi ni mo dúró tì í. Ọkọ rẹ̀ ń ṣe dáadáa sí i, ìyá ọkọ rẹ̀ sì fẹ́ràn rẹ̀ bí ẹni pé òun ló bí i. Ẹ fi ìyá yẹn sọ́kàn, nítorí rẹ̀ ni mo ṣe ń kọ̀wé. Opó ni, àgbà obìnrin tí kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀, ó sì jù mí lọ dáadáa, síbẹ̀ tí mo bá lọ kí wọn, ńṣe ló máa ń bá mi kúnlẹ̀ pé àna ni mí, pé òun ò lè dúró lóròó níwájú ẹni tó fún òun lọ́mọ.

Ẹ̀ẹ̀rùn yìí ni gbogbo nǹkan wá dojú rú. Odò fà, ó di tín-ín-rín, agbọ̀n wa kò sì dín, ńṣe ló ń pọ̀ sí i. Ọmọ mi wá ná ọjà, ó pọn ọmọ rẹ̀ wá, mo fà á mọ́ra báyìí, mo gbọ́ òórùn ẹ̀gẹ́ rírẹ lára aṣọ rẹ̀. Òun kì í ṣe láfún o! Ó ní Ìyá, omi abúlé wa ń rùn, aṣọ tí a fi fọ̀ ń rùn, àwọn ọmọdé ń ya ìgbẹ́ gbuuru, ẹja wẹ́wẹ́ ń kú lójú omi. Ẹ̀yin ènìyàn mi, kí ló yẹ kí n ṣe ní wákàtí yẹn? Ṣé kò yẹ kí n ká aṣọ mi sókè kí n sáré lọ tú gbogbo agbọ̀n yẹn sílẹ̀ ni? Mi ò ṣe bẹ́ẹ̀. Mo fà á sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Mo ní kó má mu omi odò yẹn mọ́, kó má fún ọmọ mu, pé ìsun kékeré kan wà lẹ́yìn òkè nínú oko obì, mo mọ̀ ọ́n nígbà tí a ń ṣẹ́gi lápá ibẹ̀, kó máa lọ pọn tibẹ̀. Ó ní ṣé kí òun sọ fún àwọn ará abúlé? Mo ní rárá o. Mo ní omi ibẹ̀ ń sun díẹ̀díẹ̀ ni, agbára káká ni ìkòkò kan fi ń kún kí ilẹ̀ tó mọ́ tán, tí gbogbo wọn bá gbọ́, kò ní kù síbẹ̀ fún ìwọ àti ọmọ rẹ. Bí mo ṣe sọ ọ́ gan-an nìyẹn. Mo wá fún un ní iyọ̀ àti ẹja gbígbẹ, ó sì lọ.

Ẹ má rò pé mo kàn jókòó lẹ́yìn ìyẹn o. Mo kó agbọ̀n tèmi kúrò lódò. Mo padà sí ìkòkò ìyá mi. Kí ló ṣẹlẹ̀? Láfún mi dúdú, ó ń rùn, dírẹ́bà fi ẹsẹ̀ tì í sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan níwájú gbogbo ayé, àwọn tí mo kọ́ níṣẹ́ ń tà, èmi ń wò wọ́n. Tí odò náà bá tiẹ̀ mọ́ díẹ̀ nítorí mi, ǹ bá fara dà á. Ṣùgbọ́n ibi tí mo ti kó agbọ̀n mi kúrò, ilẹ̀ kò tíì mọ́ tí ẹlòmíràn fi gbé tirẹ̀ síbẹ̀! Mo wá tọ Ìyá Ẹgbẹ́ lọ, mo kúnlẹ̀, mo ní ẹ jẹ́ kí gbogbo wa padà sí ìkòkò, kí ẹnikẹ́ni má kù sódò, nígbà náà gbogbo wa á jọ máa ta dúdú. Ó ní, “Ìwọ tó o kọ́ wa náà lo tún fẹ́ lé wa? Tí lọ́rì bá yà sí ìlú mìíràn, ṣé àwọn ará abúlé ọmọ rẹ ló máa ra láfún wa? Owó aṣọ iléèwé àwọn ọmọ yìí, ṣé ìwọ lo máa san án?” Ẹ̀yin náà mọ̀ pé láti ìgbà tí ìwé ọ̀fẹ́ ti dé, kò sí ọmọ tí kò sí ní iléèwé, ìwé ni wọ́n fún wọn lọ́fẹ̀ẹ́, wọn ò fún wọn láṣọ. Mo dìde... ojú ń tì mí láti kọ èyí... mo dá agbọ̀n mi padà sínú odò.

Lẹ́yìn náà ni ọmọ kan kú ní abúlé yẹn. Ọmọ ọwọ́. Àwọn kan ní ibà ni, àwọn kan ní omi ni. Mi ò mọ̀. Mo fẹ́ kó jẹ́ ibà, mo ń gbàdúrà lórí ẹní ìkírun mi pé kó jẹ́ ibà ló pa ọmọ ọlọ́mọ, irú àdúrà wo nìyẹn?

Bí wọ́n ṣe sin ín tán ni ẹnì kan ní kí gbogbo wọn ronú wò o, ilé kan ṣoṣo ni ìgbẹ́ gbuuru kò dé. Ilé àna mi. Ẹlòmíràn ní òun ti ń rí ìyá náà tó ń gbé ìkòkò gba ẹ̀yìn òkè lọ ní ìdájí, láti ìgbà tí omi náà kò tíì rùn tó báyìí. Òótọ́ ni. Ọmọ mi ń tọ́mọ lọ́wọ́, ìyá kò jẹ́ kó lọ, òun fúnra rẹ̀ ló ń fi ẹsẹ̀ tó ń dùn ún gun òkè yẹn lójoojúmọ́. Ta ló sọ fún un kó má mu omi odò? Báwo ló ṣe tètè mọ̀? Kí ló dé tó yọ́ lọ, tí kò pe ẹnikẹ́ni? Ibẹ̀ ni wọ́n ti pè é ní àjẹ́. Wọ́n mú un lọ síwájú baálẹ̀ wọn, wọ́n bi í léèrè, ó ní Ọlọ́run ló fi hàn òun. Ọmọ mi ló sọ fún un! Ọmọ mi wà níbẹ̀, ó kúnlẹ̀ láàárín àwọn obìnrin ilé, ìyá náà kò sì wo apá ibi tó wà rárá, kí ẹnikẹ́ni má baà tẹ̀lé ojú rẹ̀ dé ọ̀dọ̀ ọmọ mi.

Ìdájọ́ wọn ni pé tí ọwọ́ rẹ̀ bá mọ́, kó bu igbá omi odò náà kan, kó mu ún tán lójú gbogbo abúlé. Tí inú bá run ún, wọ́n á lé e kúrò láàárín wọn. Tó bá kọ̀, ó ti jẹ́wọ́ nìyẹn. Obìnrin arúgbó, omi tó ń ṣe àwọn géńdé... inú ta ni kò ní run? Ààwẹ̀ ló gbà á sílẹ̀ títí di ìsinsìnyí. Baálẹ̀ ní àwọn kò lè fi omi lọ Mùsùlùmí lọ́sàn-án ààwẹ̀, kó di ọjọ́ kejì ìtúnu ààwẹ̀.

Ẹ máa sọ pé kí n lọ sọ òótọ́. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi rò ó dópin. Tí mo bá ní ẹ̀gẹ́ ni, àwa la rẹ ẹ́, ohun àkọ́kọ́ tí wọ́n máa béèrè ni pé ta ló wá kìlọ̀ fún ìyá? Ọmọ mi ni. Wọ́n á ní nítorí náà ìyàwó yìí mọ̀, ó mọ̀, ó ń pọn omi mímọ́ fún ọmọ tirẹ̀, ó ń wo ọmọ tiwa. Ìyá ọmọ tó kú yẹn, ògiri kan náà ló wà láàárín òun àti ọmọ mi. Kí ni ọmọ mi máa wí? Pé ìyá òun ló ní kí òun má sọ? Ta ló máa jẹ́ kó sùn nínú abúlé yẹn mọ́, ọkọ wo ló máa gbèjà rẹ̀? Ìyẹn ọ̀kan. Èkejì, mo sọ ọ́ fún ọkọ mi, ó dìde dúró, ó ní kí n pa ẹnu mi dé, pé bí ọ̀rọ̀ yìí ṣe wà nísìnyí, ọ̀rọ̀ obìnrin ni, ọjọ́ tí wọ́n bá gbọ́ ọ pé ará Ìlobù ló ba omi ará Ìfọ́n jẹ́, ó di ọ̀rọ̀ ilẹ̀, àdá sì ni àwọn ọkùnrin máa fi sọ ọ́. Mi ò lè sọ pé irọ́ ló pa. Mo ro wolé-wolé, mo ní bóyá kí n yọ́ lọ sọ fún un, ó ń yẹ àmù wa wò nítorí tanwíjí, ó ń kó wa lọ sí kọ́ọ̀tù, kò fìgbà kan dé etí odò. Ṣùgbọ́n tí wolé-wolé bá wá, kì í ṣe òun náà ló máa kéde ohun tí mo ń bò mọ́lẹ̀?

Ní ọjọ́ Jímọ̀ tó kọjá mo lọ síbẹ̀. Mo ti to ọ̀rọ̀ mi jọ lẹ́nu, mo ní ohun tó bá gbà kó gbà. Ẹnikẹ́ni kì í yà kí ìyá náà mọ́, wọn kì í wá bu iná nídìí ààrò rẹ̀ mọ́. Ó rí mi, ó fẹ́ kúnlẹ̀, èmi náà kúnlẹ̀, àwa méjèèjì wà nílẹ̀ bẹ́ẹ̀, kò sẹ́ni tó fẹ́ kọ́kọ́ dìde. A jókòó títí oòrùn fi wọ̀, tí àkókò ìṣínu fi tó. Ó bu omi sínú kọ́ọ̀pù, ó fi ọwọ́ méjèèjì gbé e fún mi kí òun tó bu tirẹ̀. Mo gbà á, mi ò lè gbé e dé ẹnu. Ó rọra ní, “Ẹ mu ún, àna mi. Èyí kò rùn.”

Ó mọ̀. Ẹ̀yin òǹkàwé, ó mọ gbogbo rẹ̀, bóyá ọmọ mi ló sọ fún un, bóyá òun ló rò ó fúnra rẹ̀, mi ò mọ̀. Mo fẹ́ sọ̀rọ̀, ẹnu mi ti ṣí, ó gbé ọwọ́ lé mi lórúnkún. Ó ní, “Ọmọ wa ń tọ́mọ lọ́wọ́. Ẹ jẹ́ kó tọ́ ọmọ yẹn dìde ná.” Ìyẹn nìkan. Mo mu omi náà, mo mu ún tán, mo dìde, mo dúpẹ́, mo gba ọ̀nà ilé láì sọ ohunkóhun, àbí ẹ rí irú mi rí? Ọ̀daràn ni mí tàbí ojo?

Kí ni kí n ṣe? Ṣé kí n jẹ́ kí obìnrin tí kò ṣẹ̀ mí ru ẹ̀bi yìí nítorí ọmọ mi, tí òun fúnra rẹ̀ sì ti gbà láti rù ú? Ṣé kí n lọ jọ̀wọ́ ọmọ mi fún wọn kí n lè sùn? Tàbí kí n lọ síbẹ̀ lọ́jọ́ náà kí n gba igbá yẹn lọ́wọ́ rẹ̀, kí èmi gbé e mu, ṣé wọn ò ní sọ pé ẹgbẹ́ àjẹ́ rẹ̀ ni mí? Ẹ̀yin tí ẹ ń jẹ láfún funfun nílùú Ìbàdàn, ẹ ò mọ̀ wá rí, kò sì sí ohun tí ẹ fi ṣe wá, ẹ san owó yín, a kó ọjà fún yín, ẹ̀yin àti àwa ti parí tiwa. Ta ló wá ni ọ̀rọ̀ yìí? Àwọn obìnrin ẹgbẹ́ mi kò mọ ìwé kà, èmi ni mo máa ń ka ojúewé yìí sókè fún wọn, tí olóòtú bá tẹ lẹ́tà yìí jáde, èmi náà ni wọ́n máa gbé e fún. Mi ò mọ̀ bóyá ohùn mi máa jáde.

Ìyá Ẹgbẹ́ ní ká rẹ púpọ̀ sí i, pé lọ́rì máa pọ̀ nítorí ọdún. Mo rẹ púpọ̀ sí i. Agbọ̀n mẹ́ta tèmi wà nínú odò bí mo ṣe ń kọ èyí, omi tó ń gba orí wọn kọjá sì ni wọ́n máa bù sínú igbá fún un. Ẹ jọ̀ọ́, ẹnikẹ́ni tó bá ní ọgbọ́n kan, kó má pẹ́ kó tó kọ ọ́ wá. Oṣù ààwẹ̀ ti ń parí lọ, àwọn ènìyàn ò ní pẹ́ máa wojú ọ̀run wá oṣù tuntun.